Lẹ́tà Tí Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé Kò Kọ

Ọjọ́ tí a sin Bàbá àgbà mi, ènìyàn mẹ́rin ló dìde sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ohun kan náà sì ni gbogbo wọn ń sọ: Tíṣà kórìíra irọ́. Ọ̀kan nínú wọn, tí òun náà ti hewú, ní Tíṣà na òun rí nítorí pé òun sọ pé òjò ni kò jẹ́ kí òun tètè dé ilé ìwé, bẹ́ẹ̀ òjò kò kán sílẹ̀ ní Ifọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara mi ò lélẹ̀, nítorí pé odidi ọdún méjì ni mo fi jókòó ti bàbá yìí tí mò ń pa irọ́ funfun báláú fún un, lójúmọmọ, pẹ̀lú ohùn geere.

N kò ní ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ láti sọ. Ìyẹn wà nínú ìwé ètò ìsìnkú, wọ́n sì ti tò ó dáadáa níbẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi kò ju àwọn ìwà rẹ̀ tí mo rántí lọ, àti ọ̀ràn kan láàárín èmi àti òun tí màmá mi gan-an kò tíì gbọ́ délẹ̀. Bí wọ́n bá ka èyí, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má bínú. Ẹ ó sì rí i pé “ó” ni mò ń pe Bàbá nínú ìwé yìí. Kì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi pé bí ènìyàn bá ń sọ ìtàn, kó pe ẹnì kan ní ẹnì kan, kí òǹkàwé má bàa ṣìnà. “Kúnlẹ̀ kí mi nínú ilé,” ni ó máa ń wí. “Nínú ìwé, dìde dúró.”

Iṣẹ́ tíṣà Yorùbá ni Bàbá ṣe ní ilé ìwé sẹ́kọ́ńdìrì kan ní Ifọ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí Ìyá àgbà kú, màmá mi, ọmọ rẹ̀ obìnrin, lọ mú un wá sọ́dọ̀ wa ní Mowé. Kò fẹ́ràn Mowé rárá. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn ará àdúgbò wa ti ń sáré lọ síbùdókọ̀, kí wọ́n lè bá mọ́tò Èkó, àwọn ọlọ́kadà á sì ti máa fọn fèrè kiri. Bàbá á gbé àga rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, á de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé ọrùn bí ẹni tó fẹ́ wọ kíláàsì, á ki báírò pupa bọ àpò àyà, á wá máa gbọ́ ìró bàtà wọn. Ojoojúmọ́ ló ń bèèrè ọ̀rọ̀ kan náà lọ́wọ́ mi: “Àdùkẹ́, ta ló ń lé wọn?”

Báírò pupa yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Nínú ilé wa, ìjà ẹnu kò sí. Ẹni tí nǹkan bá ń dùn, Bàbá á ní kó lọ kọ ọ́ wá. Ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa bá màmá mi fa ọ̀rọ̀ omi ìdọ̀tí tó ń ṣàn kọjá lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ariwo wọn pọ̀ débi pé ọlọ́kadà méjì dúró láti wòran. Bàbá ní kí àwọn méjèèjì lọ kọ ẹjọ́ wọn sórí ìwé. Màmá mi rò pé àwàdà ni, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kọ tirẹ̀, ojú ìwé kan gbáko, ó fi ọwọ́ dúdú rẹ̀ gbé e wá. Bàbá kà á, ó fún un ní mẹ́fà nínú mẹ́wàá, ó sì ní kí wọ́n yí ojú omi náà padà. Màmá mi gba mẹ́rin. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni wọn kò fi bá bàbá wọn sọ̀rọ̀ ju “ẹ káàárọ̀, sà” lọ. Bàbá kò bìkítà. Ó ní, “Ìbínú tí kò bá lè dúró lórí ìwé, ariwo ni.”

Kò yọ èmi náà sílẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo fọ́ fíláàsì omi gbígbóná rẹ̀. Mo kọ àlàyé ojú ìwé méjì pé ológbò kan gba ojú fèrèsé wọlé, pé mo lé e, pé mo sì fẹsẹ̀ kọ. Bàbá kà á tán, ó fi báírò pupa kọ ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni: “Ìparí rẹ̀ dùn ju òtítọ́ lọ. Tún un kọ.”

Ìtàn kan wà tó máa ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún èmi náà títí mo fi há a sórí. Ọlọ́rọ̀ kan gba ọlọ́dẹ láti máa ṣọ́ àká iṣu rẹ̀. Ọlọ́dẹ yìí gan-an ni olè. Ní gbogbo àárọ̀ ni ó máa ń wá jẹ́ iṣẹ́ pé òun lé olè sá lọ, ọlọ́rọ̀ á dúpẹ́, á sì fi iṣu ta á lọ́rẹ. Bí àwọn ọmọ bá ti rẹ́rìn-ín tán, Bàbá á bèèrè pé, “Ta ló mọ̀? Ta ni kò mọ̀?” Ó ní ẹni tó bá lè dáhùn ìbéèrè méjèèjì yẹn ti mọ gbogbo adùn irú ìtàn bẹ́ẹ̀, nítorí ibi tí àwa ti mọ̀ tí ẹni inú ìtàn kò ti mọ̀ ni ẹ̀rín ti ń wá. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé bí ọlọ́rọ̀ náà bá mọ̀ ńkọ́, tó sì kàn ń dákẹ́? “Ìyẹn ìtàn mìíràn,” ni ó wí. “Kì í ṣe ti ẹ̀rín mọ́.”

Ẹ̀rín kọ́ ni ti òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo pẹ̀lú. Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé ni àbúrò màmá mi. Nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, kíláàsì bàbá rẹ̀ ló wà. Bàbá fún wọn ní àròkọ kọ, ìwé ọmọ méjì wá jọra, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti ọmọ kan tí gbogbo tíṣà mọ̀ sí olórí pípé, èkejì jẹ́ ti Bọ̀ọ̀dá. Bàbá kò ṣe ìwádìí. Ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má baà sọ pé ó ń gbè sẹ́yìn ọmọ rẹ̀. Ó fún Bọ̀ọ̀dá ní òdo, ó pè é síta níwájú gbogbo ilé ìwé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó sì pè é ní olè. Màmá mi wà lórí ìlà lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní Bọ̀ọ̀dá kò sunkún. Ó kàn sọ pé, “Èmi ni mo kọ ọ́, sà.” Láti ọjọ́ yẹn, “sà” ló ń pe bàbá rẹ̀, ní ilé àti ní oko, kò pè é ní bàbá mọ́.

Bó ti jáde ilé ìwé ló gba Kàdúná lọ, ibẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́. Lẹ́tà ló ń kọ wálé. Nígbà tí wọ́sáàpù dé, ó ń fi ìyẹn ránṣẹ́. Bàbá kọ̀ láti pè é ní orúkọ mìíràn, lẹ́tà ṣáà ni. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, nítorí etí Bàbá ti wúwo, ìgbéraga àwọn méjèèjì sì wúwo ju etí náà lọ. Lẹ́tà Bọ̀ọ̀dá kì í gùn. Ẹ kú ìrọ́jú, sà. Ara mi le, sà. Ẹ dín iyọ̀ kù. Lọ́dọọdún, bí ọdún tuntun bá ti dé, ó máa ń fi gbólóhùn kan kún un: “Mi ò jí àròkọ ẹnikẹ́ni kọ o, sà.” Bàbá á dáhùn gbogbo ohun tó kù nínú lẹ́tà náà, á tún gbólóhùn tó wọ́ ṣe, á fo èyíinì dá.

Nígbà tí ojú Bàbá wá ṣú pátápátá, èmi ni mo di ẹni tó ń ka lẹ́tà fún un, tó sì ń tẹ èsì rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹnu iṣẹ́ yìí ni mo wà nígbà tí wọ́n pè wá láti Kàdúná pé Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé ṣàìsàn ọjọ́ mẹ́ta, ó kú. Kò ní ìyàwó, kò bímọ. Ó ti bẹ̀rẹ̀ ilé kan ní Òkè-Àró, ògiri rẹ̀ ti ga dé ojú fèrèsé, ẹ̀gbẹ́ ilé yẹn ni a sin ín sí. A sọ fún Bàbá pé Kámpù ni a ń lọ, pé àdúrà ọlọ́jọ́ mẹ́ta wà níbẹ̀. Ó ní ká bá òun gbàdúrà fún Káyọ̀dé.

Àwọn mọ̀lẹ́bí ti fẹnu kò kí a tó kúrò nídìí sàréè. Wọ́n ní a kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún arúgbó, pàápàá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀, títí kan ọkùnrin tó ń lẹ táyà, ẹnì kan kò sì gbọdọ̀ sọ. Màmá mi fà mí wọ ilé ìdáná.

“Àdùkẹ́, o mọ̀ pé BP Bàbá ò dáa. Ìwọ lo máa ń kàwé fún wọn. Ṣáà máa kà á lọ.”

“Kí ni kí n máa kà, Mummy?”

“Ohunkóhun. Ṣebí ìwọ ni wọ́n ń sọ pé o mọ̀wé kọ. Jọ̀ọ́, ọmọ mi. Mi ò lè sin ẹni méjì lọ́dún kan.”

Báyìí ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo ń di fóònù mú, mo ń wo gíláàsì rẹ̀ tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, mo ń ka lẹ́tà òkú. Bàbá ń sọ èsì, mo ń tẹ̀ ẹ́ sí nọ́ńbà Bọ̀ọ̀dá lóòótọ́, nítorí n kò lè ṣe é kí n má tẹ̀ ẹ́. Àmì kan ṣoṣo ló ń yọ níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kò di méjì mọ́ láé. Mo jẹ́wọ́ pé iṣẹ́ náà wá ń dùn mọ́ mi. Bọ̀ọ̀dá tí mò ń kọ yọ̀ mọ́ ènìyàn ju èyí tó kú lọ. Ó ń sọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ tó máa ń sùn níbi iṣẹ́, ó ń bèèrè orúnkún Bàbá. Bàbá ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo wá rò pé bí mo bá ti lè mú kó rẹ́rìn-ín, mo lè parí ìjà wọn pẹ̀lú.

Ọ̀sán Sátidé kan ni. Mo jókòó, mo sì kà á pé: “Bàbá mi, ọ̀rọ̀ àròkọ ìjọ́sí, òótọ́ lẹ sọ. Mo jí i kọ. Ojú ló ń tì mí láti ìgbà yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.” Mo ti ń tún un sọ nínú ọkàn mi fún ọ̀sẹ̀ kan, mo mọ ibi tí ohùn mi yóò ti rẹlẹ̀.

Bàbá ní, “Tún un kà.” Mo tún un kà. Ó yọ báírò pupa kúrò ní àpò àyà rẹ̀, ó nawọ́ wá tábìlì, ó gbé e lé e. “O ṣé,” ni ó wí. “Lọ sinmi.”

Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Màmá mi ra oògùn ibà. Bàbá ní kí a pa rédíò, ó sì tó oṣù kan kí ó tó ní kí a tan án padà. Èmi mọ ohun tó ń ṣe é: ayọ̀ ni. Mo sọ fún màmá mi pé mo ti parí ìjà náà. Wọ́n fi etí aṣọ nu ojú, wọ́n ní, “O ṣe nǹkan ńlá, Àdùkẹ́. Ọlọ́run á san án fún ẹ.” Inú mi dùn sí ara mi.

Lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan bí ọdún kan sí i ni mo tún fi ka lẹ́tà. Bàbá ń gbọ́, kò tún gbólóhùn kankan ṣe mọ́. Bí mo bá parí, á ní, “Ṣé kò rẹ̀ ọ́?” Èmi á ní, “Kí ló máa rẹ̀ mí, sà? Kíkà ṣáà ni mò ń kà.” Ṣùgbọ́n ó ti ń rẹ̀ mí. Ara Bàbá ń lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́, ohun kan sì wá ń jẹ mí lọ́kàn: bàbá yìí máa kú láìsunkún ọmọ rẹ̀, èmi ni mo sì gba ẹkún náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pinnu pé mo máa sọ ọ́. Bó bá pa á ńkọ́? N kò mọ̀. Mo kàn mọ̀ pé n kò lè jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Mo dúró di ọjọ́ tí màmá mi wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Ìbafò. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀.

“Bàbá, mo ní ọ̀rọ̀ kan, sà.”

“Mú fóònù rẹ,” ni ó wí. “Mo fẹ́ fèsì sí lẹ́tà Káyọ̀dé.”

“Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ—”

“Kọ ọ́, Àdùkẹ́.”

Mo gbé fóònù. Ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ó ti máa ń ka ìwé fún kíláàsì rẹ̀ kí wọ́n lè máa kọ ọ́ tẹ̀lé e:

“Káyọ̀dé ọmọ mi. Ìwọ lo kọ àròkọ yẹn. Ọmọ tó wò ọ́ kọ wá bá mi nílé ní Ifọ̀ lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, ó dọ̀bálẹ̀, ó jẹ́wọ́. Ó ti pẹ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ń retí kí o wálé kí n lè sọ ọ́ lójú rẹ, ojú sì ń tì mí láti kọ ọ́. Bàbá rẹ jẹ̀bi. Ẹni tó ń bá ọ kọ̀wé mọ̀wé kọ, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́. Bí o bá wà láyé, o ò ní jẹ́wọ́ ohun tí o ò ṣe nítorí kí inú mi lè dùn. Sọ fún un pé ó tó. Kó sinmi.”

N kò lè tẹ ìdajì rẹ̀. Omi ojú ti bo gíláàsì fóònù.

“Ẹ ti mọ̀, sà?”

“Láti Sátidé yẹn.”

“Kí ló dé tí ẹ fi jẹ́ kí n máa kà á lọ?”

“Màmá rẹ sin àbúrò rẹ̀, ó padà wálé wá dáná fún mi, kò sì gbọdọ̀ sunkún. Ó rò pé òun ń gbà mí là. Bí mo bá bú sẹ́kún, èmi ló tún máa wá máa ṣọ́, kí n má baà kú. Mo ní kí n jẹ́ kó rò pé ó ti gbà mí là.” Ó mí kanlẹ̀. “Ìwọ náà ńkọ́? Mo fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ.”

Mo gbé orí lé etí ibùsùn, mo sunkún bí ọmọdé. Òun náà sunkún, láìpariwo, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, àwọn ọlọ́kadà ń kọjá níta, ẹnikẹ́ni kò wọlé bá wa.

Nígbà tó ṣe, mo fẹ́ sọ ibi tí a sin Bọ̀ọ̀dá sí fún un. Ó gbé ọwọ́ sókè.

“Má sọ ibẹ̀ fún mi. Bàbá kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbọ́. Ṣé wọ́n ń ro ibẹ̀?”

Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì padà síbẹ̀. Màmá mi ní ọkàn àwọn kò lè gbà á. Èmi ń kọ lẹ́tà.

“Wọ́n ń ro ó, sà,” ni mo wí.

“O ṣé.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo ra àdá àti ọkọ́ ní Mowé, mo sì gba Òkè-Àró lọ. Igbó ti bo ògiri ilé náà mọ́lẹ̀, n kò lè dá sàréè mọ̀ àfi ìgbà tí mo fẹsẹ̀ kan bíríkì etí rẹ̀. N kò lo àdá rí láyé mi. Mo ṣán igbó, mo ro ilẹ̀, mo gbá a, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìrọ̀lẹ́ kí n tó ṣe tán. Mo fi omi bọ́jú, mo wọ mọ́tò padà.

Bí mo ti délé, Bàbá jí, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Mo bu omi fún un. Kàkà kó gba ife, ọwọ́ mi ló dì mú. Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ wá ojú ibi tó ti bó kiri, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kà wọ́n tán.

“Ọjọ́ wo ni wọ́n ro ibẹ̀ kẹ́yìn?” ni ó bèèrè.

“Òní ni, sà.”